Nítorí Orúkọ Tí O Fẹ́ Lẹ̀ Síta ní Ìlọrà

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo ti kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun lórí fóònù, mo sì ti jó díẹ̀ níwájú ìyá rẹ, dé ìwọ̀n ibi tí orúnkún mi gbà mí láyè. Lẹ́tà yìí kì í ṣe ti ìkíni mọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò ṣe é sọ lórí fóònù, torí o mọ̀ pé bí mo bá ti gbé fóònù sétí, gbogbo àdúgbò ni í gbọ́. Ìyá rẹ ní mo máa ń pariwo bí ẹni pé ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ wà ní òdìkejì odò. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí, mi ò fẹ́ kí àdúgbò gbọ́ ọ kí ìwọ tó gbọ́ ọ.

Nígbà tí o sọ pé ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Jobele ni wọ́n fi ọ́ sí, inú mi dùn púpọ̀. Àmọ́ o tún sọ ohun tí ọ̀gá rẹ kọ́kọ́ gbé lé ọ lọ́wọ́. O ní wàá lẹ orúkọ gbogbo àwọn tí ìjọba fẹ́ fún ní owó ìrànwọ́ àgbẹ̀ síta, ní Fìdítì, ní Ìlọrà, àti ní àwọn abúlé tó yí wọn ká. O ní ìdí rẹ̀ ni pé kí ará ìlú lè rí i, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí wọ́n tó san owó náà fún ẹnikẹ́ni. O ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Mo wà níbẹ̀, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló bà mí.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń wọ́ wá sílé wa. Ìyá Folúkẹ́, tí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ bá tiwa pààlà, ló kọ́kọ́ dé. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, ẹ bá mi bẹ ọmọ yín, kó má lẹ orúkọ tèmi. Àwọn àbúrò olóògbé ni mò ń sá fún. Bí wọ́n bá rí i pé ìjọba fẹ́ fún mi lówó, owó ọ̀hún ò ní dé oko." Opó ni, o mọ̀ ọ́n, kò sì parọ́ mọ́ àwọn àna rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn kan nínú ìjọ wa dé, àgbẹ̀ gidi ni àwọn náà. Wọ́n ní ayé ti bàjẹ́, wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ka oríire wọn lójú ọjà. Mo gbọ́ tiwọn, mo sì sìn wọ́n jáde.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta ni àbúrò mi, Àrẹ̀mú, kó àwọn ẹbí lẹ́yìn wá. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, Àrẹ̀mú kò fi ọwọ́ kan ọkọ́ mọ́. Mótò ló ń wà láti Fìdítì sí Ìbàdàn. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn àgbẹ̀ tí o fẹ́ lẹ̀ síta. Mo ní, "Àrẹ̀mú, oko wo?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọmọ ọba ló bí wa ni? Ṣebí ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ẹnì kan ló bá mi fi orúkọ sí i, ìjọba ló sì ni owó, ẹnikẹ́ni ò jí ti ẹnikẹ́ni. Ohun tí Àṣàkẹ́ máa ṣe ò le. Kó lẹ ìwé náà sínú ọ́fíìsì wọn lọ́hùn-ún, sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kó sọ pé òun ti lẹ̀ ẹ́. Ta ló máa gun ọ̀kadà láti Ìlọrà lọ sí Jobele torí kó lọ kàwé lára ògiri?"

Àwọn ẹbí rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó bá dìde dúró. Ó ní, "Bí orúkọ mi bá jáde ní Ìlọrà yìí, tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má retí mi níbi òkú yín." Ìyá rẹ bú sẹ́kún. Àwa méjèèjì péré ló kù nínú ọmọ ìyá wa, Àṣàkẹ́. Bí mo bá kú, òun ló yẹ kó dúró síwájú, kó máa sọ ibi tí wọn ó gbé mi gbà.

Wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ọ. Mo ní n ó kọ ọ́. Òun ni mò ń kọ yìí. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe, jókòó kí n sọ ìtàn kan fún ọ.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Láyíwọlá. O kò lè rántí rẹ̀, torí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ́ẹ́tẹ́ẹ́ nígbà tó fi Ìlọrà sílẹ̀. Àáró ni a fi ń ṣiṣẹ́ oko nígbà náà. Àwa ọ̀rẹ́ ti para pọ̀, a ó ṣe ti lágbájá lónìí, a ó ṣe ti tàmẹ̀dù lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Ẹni tí kò bá ní ẹlẹ́gbẹ́ àáró, ó di kó máa fi owó gba lébìrà, owó náà kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Láyíwọlá ni ọwọ́ rẹ̀ yá jù láàrin wa. Bó bá ń kọ ebè, ìwọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò kàn máa bú u lábẹ́ ẹnu ni, torí kò ní jẹ́ kí o sinmi.

Ní ọdún kan, ìjọba ní àwọn ó fún àwọn àgbẹ̀ ní owó díẹ̀ àti ajílẹ̀. Ọkùnrin kan wá kọ orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ wa. Ọ́fíìsì wọn wà nínú ilé kan tí wọ́n yá lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́ báyìí. Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá, ó pe gbogbo wa jọ lẹ́bàá ọjà, ó ní àṣẹ tí wọ́n fún òun ni pé kí òun ka orúkọ àwọn tó máa rí gbà sókè, kí gbogbo ìlú gbọ́.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọ̀dọ́ ni mí, mo lè ka ìwé, mo lè kọ ọ́, mo sì fẹ́ràn ohùn ara mi ju bó ti yẹ lọ. Àwọn àgbà ti ń kùn pé kò yẹ kí wọ́n pariwo oríire ẹni síta. Mo bá dìde. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun, Ọlọ́run ó bù kún yín. Àmọ́ nílẹ̀ Yorùbá, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń bá ni rẹ́rìn-ín ló fẹ́ ti ẹni. Ẹ jẹ́ kí kálukú wá gba tirẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ ní ọ́fíìsì yín." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, àgbà kan tilẹ̀ ju fìlà rẹ̀ sókè. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ká ìwé rẹ̀, ó fi sínú àpò, ó ní òun kò lè tẹ àṣà wa lójú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ dídùn mi ló wọ̀ ọ́ lára. Ọmọ mi, inú ọkùnrin yẹn dùn jù.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní orúkọ mi kò tíì jáde, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo padà, wọ́n tún ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó ṣe, mo ṣíwọ́ lílọ. Ṣé mo sọ fún ẹnikẹ́ni? Rárá o. Odindi akọ̀wé ẹgbẹ́, tí ìjọba wá gbàgbé! Ojú ń tì mí, mo sì gbà pé gbogbo àwọn yòókù ti rí tiwọn gbà, èmi nìkan ni orí kò gbè. Bí ẹnì kan bá bi mí pé báwo ni nǹkan ìjọba, màá rẹ́rìn-ín músẹ́, màá ní, "A dúpẹ́." Bí èmi náà bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "A dúpẹ́." Gbogbo wa kàn ń dúpẹ́ káàkiri Ìlọrà.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni Láyíwọlá kan páànù tuntun sórí ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló kó èésú, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan gààrí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwa ọkùnrin kò bèèrè lọ́wọ́ obìnrin kankan. A wo páànù tó ń dán, a wo ara wa. Ẹnì kan ní ó dájú pé Láyíwọlá gba tirẹ̀, ó sì gba ti ẹlòmíràn mọ́ ọn. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ìsàlẹ̀ ọjà, ó ti di pé ó gba ti gbogbo ẹgbẹ́. Mo gbà á gbọ́, Àṣàkẹ́. Ó tù mí lára láti gbà á gbọ́, torí ó sọ ibi tí tèmi wọlẹ̀ sí fún mi.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àáró bẹ̀rẹ̀. Láyíwọlá wá sí oko gbogbo wa. Ó wá sí tèmi, ó kọ ebè títí oòrùn fi rọ̀, ó ń dápàárá, ó ń bú mi pé ọwọ́ mi ti di ọwọ́ akọ̀wé. Nígbà tó kan tirẹ̀, orí ń fọ́ ẹnì kan, ẹnì kan ní òun ń lọ sí ìsìnkú ní Awẹ́. Èmi ní ọmọ mi ń ṣe ibà. Ìwọ ni ọmọ náà. O kò ṣe ibà kankan. O jókòó síwájú mi, ò ń jẹ ẹ̀pà.

Àwọn tó kọjá lọ́nà oko sọ pé ó dúró létí ilẹ̀ rẹ̀ láti àárọ̀, ọkọ́ lọ́wọ́, ó ń wo ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ti se oúnjẹ tó pọ̀ kalẹ̀ dè wá, bí a ti í ṣe. Ó tún dá ọjọ́ mìíràn fún wa, a tún ní ohun tó ń ṣe wá. Òun nìkan kò lè ká ilẹ̀ náà. Ìwọ̀nba iṣu tó rí gbìn, igbó bò ó.

Ó wá bá mi nílé. Kò bínú. Ó ní, "Jóṣúà, kí ni mo ṣe?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan o. Ìwọ náà mọ bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀."

Ó wò mí títí, ó sì yí padà. Kó tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti wà ní Ìbàdàn, ó ń ṣọ́ géètì ilé olówó kan. Láyíwọlá tí ọkọ́ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ló wá di ẹni tó ń ṣí géètì fún àwọn ọmọdé tó ń wa mótò. Àìsàn mú un níbẹ̀. Kò pẹ́ lórí àìsàn náà. Mótò Àrẹ̀mú ni wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ wálé.

Gbogbo ẹgbẹ́ ló lọ síbi ìsìnkú. A kì í ṣe ènìyàn burúkú lójú ara wa. Nígbà tí wọ́n bo ilẹ̀ tán, ìyàwó rẹ̀ kojú sí wa. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ọkọ mi, ẹ ṣeun. Ó rán mi sí yín kó tó lọ. Ó ní kí n bi yín pé ẹ̀yin tí ẹ rí ti ìjọba gbà, kí ló dé tí ẹ fi ń bínú sí òun tí òun kò rí nǹkan kan gbà?"

Ẹnì kan nínú wa sọ lóhùn kékeré pé, "Èmi náà ò rí gbà." Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò ó, ó ní, "Ìwọ náà?" Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu títí ó fi kàn mí. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa tó rí kọ́bọ̀ tàbí ajílẹ̀ gbà. Orí ibojì Láyíwọlá la ti mọ̀.

Ta ló wá gbà á? A kò mọ̀ ọ́n títí di òní. A lọ sí ọ́fíìsì ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ọkùnrin náà ti kúrò. Àwọn tó kù níbẹ̀ ní gbogbo rẹ̀ ti di pínpín. A ní fún ta ni. Wọ́n ní ṣebí àwa la ní kí wọ́n má ka orúkọ ẹnikẹ́ni sókè.

Òun nìyẹn. Mi ò sọ ọ́ kí o lè sunkún, mi ò sì fẹ́ kí o pè mí lórí fóònù láti rẹ̀ mí lẹ́kún. Ohun tí o máa ṣe níbi iṣẹ́ rẹ ni mo fẹ́ kí o fi mọ̀.

Èkíní, má fi ìbẹ̀rù wọn ṣẹ̀sín. Ẹ̀yin ọmọ ìwé máa ń yára sọ pé òpè ni ènìyàn. Ẹni tó ń bẹ̀rù kí ayé má rí nǹkan òun, ó ti rí ohun tí ayé ṣe rí. Lọ bá Ìyá Folúkẹ́ nílé, kí o jókòó. Ṣàlàyé fún un pé orúkọ, agbolé àti ibi tí oko wà nìkan ni ará ìlú yóò rí. Nọ́ńbà fóònù wọn kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, ti báńkì wọn kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé iye kan náà ni gbogbo wọn máa gbà, kọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó má lẹ̀ mọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni. Kí o sì tẹ̀ lé obìnrin náà lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ kí o tó lẹ ohunkóhun. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba pé oko ni owó náà wà fún, àti pé ẹ̀ ń bọ̀ wá wo oko. Wọ́n lè má gbọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò ní lè sọ pé wọn kò mọ̀.

Èkejì, bí ọ̀gá rẹ bá gbà fún ọ, lẹ orúkọ àwọn tó bèèrè tí kò sì kàn náà síta. Mo mọ̀ pé ó máa dùn wọ́n. Àwa, ìtìjú ló pa wá. Kálukú rò pé òun nìkan ni wọ́n fò, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnì kankan lanu. Ká ní mo rí orúkọ mi àti ti Láyíwọlá lójú kan náà nígbà yẹn pé a kò rí gbà, à bá jọ bú ìjọba ni, à bá sì jọ padà sóko.

Ẹ̀kẹta, ibi tí ènìyàn ń kọjá ni kí o lẹ̀ ẹ́ sí, má lẹ̀ ẹ́ síbi tí ọ́fíìsì fẹ́. Ní Ìlọrà, ibi ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́ ló dára jù. Àwọn obìnrin máa ń jókòó síbẹ̀ pẹ́, wọn kì í sì í dákẹ́. Lẹ́yìn náà kí o kà á sókè, torí púpọ̀ nínú wa kò lè kàwé, ojú àwọn tó lè kà á pàápàá ti ń ṣú. Má wọ bàtà gogoro rẹ yẹn lọ síbẹ̀ o. Omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn nílẹ̀ níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbọ́ pé ọmọ mi ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú orúkọ gbogbo ìlú lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fà á ya, tún un lẹ̀. Wọ́n máa fà á ya.

Mi ò mọ iye tó kàn báyìí, màá kàn máa sọ ọ́ bó ṣe ń wá. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ yóò fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò ní ibi tí ènìyàn bá ti ń ṣiṣẹ́ náà ló ti ń jẹ. Owó oṣù rẹ ni oúnjẹ rẹ. Bí kò bá tó, wá sílé, iṣu wà. Àwọn mìíràn yóò yìn ọ́, èyí sì léwu ju èyí àkọ́kọ́ lọ fún irú àwa tí a fẹ́ràn kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Ìwọ náà fẹ́ràn rẹ̀, má jiyàn, mo rí ọ lọ́jọ́ tí o gba ẹ̀bùn ní ilé ẹ̀kọ́. Bí o bá sọ̀rọ̀ kan, tí ẹni tó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ká lára wá ń rẹ́rìn-ín sí ọ, padà lọ tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Má sì retí pé kí wọ́n dúpẹ́. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Mo ti dàgbà ju kí n máa tàn ọ́ jẹ. Ó ṣeé ṣe kí o lẹ gbogbo orúkọ yìí dáadáa, kí wọ́n ṣì rí ọ̀nà mìíràn gbà jí owó náà. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ni yóò máa fura sí ọ̀rẹ́ nítorí rẹ̀.

Ó wá ku Àrẹ̀mú.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Òun ló ń fi mótò gbé ọ lọ sí Ìbàdàn ní gbogbo ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí. Ìjókòó iwájú ló máa ń fi ọ́ sí, èrò tó ń sanwó ni yóò lọ sẹ́yìn. Bí mo bá ní kí o gbàgbé ìyẹn, ìkà ni mí. Má gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí o bá gba owó oṣù, ra aṣọ fún un, ra oúnjẹ sílé rẹ̀, kí o máa ṣe é títí ayé. Gbèsè tìrẹ nìyẹn, àpò tìrẹ ni kí o ti san án. Má fi owó àgbẹ̀ Ìlọrà san án.

Ìyá rẹ ní ọ̀nà kan wà. Ó ní kí o kàn yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ní jẹ́jẹ́ kí o tó lẹ ìwé náà, ìtìjú ò ní bá a, owó ò sì ní bọ́ sí i lọ́wọ́. Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí, torí ó dùn mọ́ mi. Ìyá rẹ gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó lè yọ orúkọ kan ní jẹ́jẹ́, ó lè fi òmíràn sí i ní jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá mọ̀ pé o yọ ti àbúrò bàbá rẹ, ta ni yóò gba èyí tó kù gbọ́? Òun fúnra rẹ̀ nìkan ló lè yọ ọ́.

Mo lọ bá a nílé, èmi ẹ̀gbọ́n. Mo ní, "Àrẹ̀mú, wa mótò rẹ lọ sí Jobele lọ́la. Sọ fún wọn pé àṣìṣe ni, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣebí ìwọ lo gbé òkú Láyíwọlá wálé." Ó ní kí n má pe òkú sí ọ̀rọ̀ òun. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, Àṣàkẹ́. Èmi tí wọ́n bí ṣáájú rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò mí. Ó jáde, ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Títí di òwúrọ̀ yìí tí mò ń kọ lẹ́tà yìí, kò lọ sí Jobele.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Mo ti sọ fún un. Nítorí náà lẹ ìwé náà bó ṣe wà, má yọ ẹnikẹ́ni, má sì lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kankan.

Àwọn ẹbí ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn láti wá gbọ́ ohun tí mo kọ sí ọ. N ó sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe kọ ọ́. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn kò ní yà sílé wa mọ́, Àrẹ̀mú sì lè ṣe bó ti wí nípa òkú mi, ẹni tó bá wà nítòsí yóò sin mí. Ọkàn mi bàjẹ́, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó ń wù mí kí n rí àbúrò mi lẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀ mi ò ní yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Lọ́jọ́ tí o bá wá, wọ́n lè yí ọ ká níbi ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ yẹn, kí wọ́n máa bi ọ́ pé ta ló rán ọ láti dójú ti àbúrò bàbá rẹ. Má wolẹ̀. Má sọ pé ọ̀gá ni, má sọ pé ìjọba ni. Dárúkọ mi, kí o dá a sókè kí gbogbo wọn gbọ́.

Jóṣúà Àkànjí, bàbá rẹ.